Mo Mu Ọtí Elégédé ní Seattle: Bí Great Pumpkin Beer Festival Ṣe Rí Lẹ́nu Mi

Ẹ̀yin tẹ́ ò ráyè ka ọ̀rọ̀ gígùn, ẹ gbọ́ èyí ná kẹ́ ẹ tó lọ. Àjọ̀dún náà dáa, owó tí mo san sí i ò dùn mí, àmọ́ ọtí tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ò tó ìdajì èyí tí mo tọ́ wò. Àwọn tó sì dùn ọ̀hún, àwọn dúdú tó korò díẹ̀ ni, kì í ṣe àwọn tí wọ́n fi ṣúgà àti èròjà olóòórùn bò mọ́lẹ̀ títí téèyàn ò fi mọ̀ pé bíà lòún ń mu.

Great Pumpkin Beer Festival ni mò ń sọ, èyí tí iléeṣẹ́ ọtí Elysian ní ìlú Seattle, ìpínlẹ̀ Washington, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005. Ìgbà ìwọ́wé ni àsìkò rẹ̀, nígbà tí elégédé bá ti kún gbogbo ọjà Amẹ́ríkà, táwọn èèyàn ti ń gbẹ́ ojú àti ẹnu sí i lára, tí wọ́n ń gbé e síwájú ilé nítorí Halloween. Ti ọdún 2018 ni mo lọ, nínú oṣù kẹwàá, ní Seattle Center, nísàlẹ̀ Space Needle, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ nítorí ìpàtẹ àgbáyé ọdún 1962. Ọtí elégédé tí wọ́n tò síbẹ̀ lé ní 60 oríṣi. Elysian gbé tirẹ̀ wá rẹpẹtẹ, àwọn apọntí ìlú mìíràn náà sì gbé tiwọn wá.

Èmi ni mo fa ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Kent, ìlú kan nítòsí Seattle, dání. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Star àti Gulder ni wọ́n fi jayé, wọn ò sì rí ohun tó kan elégédé nínú ọ̀rọ̀ ọtí. Nílé tiwọn, ẹni tó bá gbin elégédé, ẹ̀fọ́ gbọ̀rọ̀ ló fẹ́ já. Ohun tó kọ́kọ́ bí wọn nínú ni pé ọmọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní kí wọ́n mú káàdì ìdánimọ̀ jáde. Wọ́n wò ó láti òkè délẹ̀. “Ṣé ewú orí mi yìí ò tó ìwé ẹ̀rí ni?” Kò tó o. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 21 ò gbọdọ̀ wọlé, wọn kì í sì í wo ewú. Tẹ́ ẹ bá ń mú àgbàlagbà lọ síbi tí wọ́n ti ń mutí nílùú yìí, ilé ni kẹ́ ẹ ti sọ fún wọn.

Wọ́n fún wa ní ife kékeré kan tó di tiwa, àti tókìnnì tá a máa fi gba ọtí. Ohun tí wọ́n ń bù sínú ife náà ò ju ohun téèyàn lè gbé mì lẹ́ẹ̀mẹta lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé tiwọn sókè, wọ́n ní, “Àbúrò, ṣé a fẹ́ mu ún ni, àbí a fẹ́ ta á sílẹ̀ fáwọn tó ti lọ?” Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú ọtí wọ̀nyí lágbára ju bíà tí a mọ̀ nílé lọ. Ẹni tó bá mu odidi ìgò mẹ́ta mẹ́rin nínú wọn, àfi kí wọ́n gbé e lọ sílé.

Night Owl ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló wọ́pọ̀ jù nínú ọtí elégédé Elysian. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti ń po elégédé mọ́ báálì, wọ́n tún máa ń fi kóró elégédé sí i, tútù àti yíyan. Lẹ́yìn náà ni atalẹ̀, kànáfùrù, sínámọ́nì, nutmeg àti allspice á wá tẹ̀ lé e. Ọtí náà pupa rúsúrúsú, ó mọ́, kò sì dùn jù. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n mu ún, wọ́n dákẹ́ lọ fún ìgbà díẹ̀. “Ọtí kọ́ lèyí. Àgbo ni. Ta ni ara rẹ̀ ò yá?” Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ mi ò lè bá wọn jiyàn. Kànáfùrù àti atalẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́nu, ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti fún ní àgbo rí á mọ ohun tí mò ń wí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọtí elégédé wà gan-an nìyẹn. Elégédé ò ní adùn tó lè dá dúró nínú ọtí. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìwọ̀nba ṣúgà tó sì ní, ìwúkàrà á jẹ ẹ́, á sọ ọ́ di ọtí. Bill Owens, ẹni tó dá Buffalo Bill's Brewery sílẹ̀ ní Hayward, ní California, lọ́dún 1983, ló jí irú ọtí yìí dìde láyé òde òní. Ó kà á níbì kan pé George Washington a máa fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pọntí, lòun náà bá wá elégédé ńlá, ó yan án, ó pò ó mọ́ báálì. Nígbà tó tọ́ ọ wò, kò gbọ́ adùn elégédé kankan. Ó gba ọjà lọ, ó ra èròjà tí wọ́n ń fi sí páì elégédé, ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ó da omi rẹ̀ sínú ọtí. Látìgbà náà, adùn páì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń mu tí wọ́n ń pè é ní adùn elégédé.

Àwọn tó kọ́kọ́ fi elégédé pọntí nílẹ̀ Amẹ́ríkà ò wá páì kiri. Báálì ló ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wọn, elégédé sì wà nílẹ̀ yàlàyòlò. Ìlànà kan wà tó ti wà láti ọdún 1771, ohun tó ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n gún elégédé nínú ọpọ́n, kí wọ́n fún omi rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fún ti ápù, kí wọ́n sè é dáadáa, kí wọ́n máa re ìdọ̀tí orí rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi hops (òdòdó tó ń mú bíà korò) sí i, kí wọ́n sì jẹ́ kó kan. Kò sí sínámọ́nì níbẹ̀. Kò yàtọ̀ sí báwọn ìyá wa ṣe fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́: ohun tó wà lóko ni wọ́n fi ṣe é. Ǹ bá fẹ́ kí ẹnì kan ní àjọ̀dún náà gbé irú ọtí 1771 yẹn jáde, tí kò ní èròjà kankan, ká lè mọ ohun tí elégédé fúnra rẹ̀ ń sọ. Mo wá a títí, mi ò rí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ife. Punkuccino, èyí tó ní kọfí nínú, dáa fún ẹni tó bá fẹ́ràn kọfí. Èmi kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. The Great Pumpkin, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ jọ ti àjọ̀dún náà, agbára ọtí rẹ̀ ju 8% lọ, elégédé rẹ̀ pọ̀ gan-an torí wọ́n ń fi í sí i nígbà tí wọ́n bá ń po báálì, nígbà tí wọ́n bá ń sè é, àti nígbà tó bá ń kan. Ó ki lẹ́nu, ó móoru lọ́fun, ife kan sì tó. Dark o' the Moon ló mú mi. Ọtí dúdú ni, irú èyí tí Guinness jẹ́, báálì rẹ̀ ti yan dúdú débi tó fi ń rùn ṣokoléètì, sínámọ́nì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn, kò yọjú jù. Níbí ni mo ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́ tí elégédé ń ṣe. Kò mú adùn wá, ó mú kí ọtí náà rọ̀, kó yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí ahọ́n, láìjẹ́ kí ìkorò báálì yíyan gé èèyàn lọ́fun. Ẹ̀gbọ́n mi gba tèmi lọ́wọ́ mi, wọ́n mu ún tán, wọ́n ní ká tún padà síbẹ̀.

Àwọn tí kò dáa náà pọ̀. Iléeṣẹ́ kan wà, mi ò ní dárúkọ wọn, tí wọ́n fi fàníllà àti karamẹ́ẹ̀lì sí tiwọn débi pé ibi tó ta sí mi lára, ìka mi ń lẹ̀ mọ́ra wọn títí mo fi rí omi fọ̀ ọ́. Òmíràn gbé èyí tó kan wá, ó kan ju bó ṣe yẹ lọ, eyín mi kan. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ ti ń jọra wọn lẹ́nu mi. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, bí ẹnu ṣe ń ṣe nìyẹn tí kànáfùrù bá ti pọ̀ jù. Àmọ́ ẹnì kan fi ata sí tirẹ̀. Ata gidi, tó ń ta. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí: “Èyí gbọ́ Yorùbá.”

Ohun tí gbogbo èèyàn ń dúró dè ni elégédé ńlá. Elégédé ràgàjì kan ni, irú èyí tó jẹ́ pé ẹ̀rọ agbẹ́rù ló ń gbé e. (Ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kan ní Nova Scotia, ní Kánádà, Howard Dill, ni Atlantic Giant ti wá, irú tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn elégédé abàmì tí wọ́n fi ń díje lóde òní.) Wọ́n á gé orí rẹ̀ ṣe ọmọrí, wọ́n á kó kóró àti ìfun rẹ̀ dà nù, wọ́n á fi iná jó inú rẹ̀ títí á fi dúdú, wọ́n á wá rọ ọtí sí i, wọ́n á dí i, kí ọtí náà lè dàgbà síkùn rẹ̀. Mo rìn sún mọ́ ọn kí àkókò tó tó. Èèpo rẹ̀ ní kókó lára, ó tutù, omi ń sẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níbi etí ọmọrí rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì jẹ́ òórùn oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó. Nígbà tí wọ́n fi òòlù onígi gbá ẹ̀rọ tí ọtí ń gbà jáde wọ inú rẹ̀, ọtí tú yàà, ìfófòó rẹ̀ ta sí àwọn tó wà níwájú lára, ariwo sọ. Ọtí tó jáde níbẹ̀ ò dà bí ìyókù. Ó ní èéfín díẹ̀, ó ní adùn elégédé tútù tí mo ti ń wá látàárọ̀, irú èyí téèyàn ń gbọ́ tó bá gé elégédé sí méjì. Kò pé, ó ṣe bí ẹni pé kò tíì jinná. Síbẹ̀, òun nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé elégédé ló wà nínú rẹ̀. Nítorí rẹ̀ nìkan, mo lè tún san owó ìwọlé náà.

Ẹ máa gbọ́ táwọn kan níbẹ̀ ń kùn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015 ni wọ́n kéde pé Anheuser-Busch, àwọn tó ni Budweiser, ra Elysian. Kò tíì pé oṣù kan, nígbà ìdíje bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Super Bowl, Budweiser gbé ìpolówó jáde tó fi àwọn tó ń mu ọtí elégédé àti píìṣì ṣẹ̀sín. Elysian tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà náà sì ti pọn irú ọtí yẹn gan-an rí! Dick Cantwell, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó dá Elysian sílẹ̀, kò fi bí inú rẹ̀ ṣe bàjẹ́ pa mọ́, ó sì fi iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún náà. Torí èyí, àwọn òǹmu kan ò tún fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́. Mo gbọ́ tiwọn. Àmọ́ ẹnu ni mo fi ń mu ọtí, mi ò fi ìwé àdéhùn mu ún, Dark o' the Moon sì ṣì dùn.

Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ síbi àjọ̀dún ọtí kankan. Ọkọ̀ olóúnjẹ kan tá a rà lọ́wọ́ rẹ̀ gba owó gọbọi fún sọ́séèjì tó ti tutù, kò sì ní ata. Ẹ wọ aṣọ òtútù pẹ̀lú bàtà tí kò bẹ̀rù omi, òjò Seattle kì í dágbére kó tó dé. Ẹ má wa ọkọ̀. 0.08% ni òfin Washington fàyè gbà nínú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀, ife kéékèèké yẹn kì í sì í pẹ́ débẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní apá Kent àti Federal Way, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin Link títí dé Westlake, kẹ́ ẹ wọ Monorail níbẹ̀, tí á já yín sí Seattle Center láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí ẹni tí kò mutí wá gbé yín ní ibùdókọ̀ Link nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ nílé, ẹ ra agolo Night Owl kẹ́ ẹ fi ahọ́n tọ́ ọ wò, àmọ́ ẹ má fi ti asun lẹ́yìn. Mo ṣe é. Kànáfùrù inú ọtí àti ata rodo bẹ̀rẹ̀ ìjà, ata ló borí, ọtí náà wá dà bí omi. Èyí tó dúdú ló bá asun lọ, ó gba ata mọ́ra. Ẹ jẹ́ kó kúrò nínú fíríìjì fún ìgbà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí i, torí tó bá tutù nini báwa ṣe fẹ́ràn bíà, gbogbo adùn rẹ̀ á fara pamọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà, wọ́n ṣì ń fi yìnyín sí tiwọn.