TrueNAS, Unraid, OpenMediaVault: èyí tó kù nínú sáfà ilé mi lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni mo fi dán ètò ìṣiṣẹ́ mẹ́ta tó ń sọ kọ̀ǹpútà di sáfà, ìyẹn àpótí tí gbogbo ilé ń kó fáìlì sí, wò, HP EliteDesk tòkunbọ̀ tí mo rà ní Computer Village, Ìkẹjà. Kọ̀ǹpútà yẹn kò yí padà, dísìkì inú rẹ̀ kò yí padà. Iná àdúgbò wa n'Íbàdàn náà kò yí padà, ó ń lọ, ó ń bọ̀ bó ṣe wù ú. Mo tètè dárúkọ iná nítorí òun gan-an ló dá ẹjọ́ yìí, kì í ṣe èmi.

Àbúrò mi ló fà á. Fídíò òde ló ń yà: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ. Ó máa ń kó ohun tó tó 100GB wálé ní ọ̀sẹ̀ kan, inú àwọn háàdì dísìkì kéékèèké tó ń gbé nínú báàgì ni gbogbo rẹ̀ sì ń wọ̀. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn já bọ́ lórí tábìlì, ìsìnkú bàbá oníbàárà kan bá a lọ. A bẹ̀bẹ̀ títí, a dá owó padà. Èmi náà ní fọ́tò àwọn ọmọ mi tó fọ́n káàkiri fóònù àti fúláàṣì. Mo wá ní kí n to àpótí kan sílé tí gbogbo wa á máa kó nǹkan sí, tó jẹ́ pé bí dísìkì kan bá kú, ohun inú rẹ̀ kò ní bá a kú.

Dísìkì mẹ́rin ni mo ní, wọn kò sì dọ́gba: méjì jẹ́ 4TB (TB kan jẹ́ 1,000GB), ọ̀kan 2TB, ọ̀kan 1TB. RAM, ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, jẹ́ 8GB. Windows 10 ló wà lórí kọ̀ǹpútà náà nígbà tí mo rà á, Microsoft sì ti kéde pé ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni ìtọ́jú rẹ̀ máa dópin, nítorí náà ọwọ́ mi kò gbọ̀n nígbà tí mo ń nù ún kúrò.

TrueNAS ni mo kọ́kọ́ gbé wọlé. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí nǹkan wọ̀nyí mọ̀ ọ́n sí FreeNAS, tí Olivier Cochard-Labbé bẹ̀rẹ̀ ní 2005 lórí FreeBSD, ètò ìṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan. Èyí tí mo lò ni irú tó dúró lórí Linux, ètò ìṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ mìíràn, tí wọ́n gbé jáde ní 2022 pẹ̀lú orúkọ SCALE. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ní RAM kò gbọdọ̀ dín ní 8GB, iye tí mo ní gẹ́lẹ́. Inú ZFS ni agbára rẹ̀ wà, ọ̀nà ìtọ́jú fáìlì tí Sun Microsystems dá sílẹ̀. ZFS kì í kọ ohun tuntun lé ohun tó ti wà nílẹ̀ lórí. Ibi tó ṣófo ló ń kọ ọ́ sí, ìgbà tó bá kọ ọ́ tán ló tó yí ìtọ́ka síbẹ̀. Bí iná bá lọ lójijì, ti àná ṣì wà níbi tó wà. Mi ò lè ka iye ìgbà tí iná lọ mọ́ ọn lórí nílé mi, kò sì sí fáìlì tó bàjẹ́ àfi èyí tí a ń kó wọlé lọ́wọ́.

Ohun tó mú mi ṣí fìlà fún un ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ó gbé ìkìlọ̀ sójú ìwé rẹ̀ pé dísìkì 1TB ń dá ohun tí òun kò kọ padà fún òun. ZFS máa ń fi àmì ìṣirò sára gbogbo ohun tó bá kọ. Tó bá kà á padà tí ìṣirò kò bára mu, á pariwo. Mo ti ń wá ibi tí màá ju dísìkì sí. Àṣé wáyà SATA tó so dísìkì mọ́ kọ̀ǹpútà ni! Mo pààrọ̀ wáyà tí owó rẹ̀ kò tó ti súyà, ariwo sì tán. Láìsí ìṣirò yẹn, bóyá fọ́tò ọmọ mi ni ì bá kọ́kọ́ sọ fún mi.

Àmọ́ ZFS fẹ́ kí dísìkì dọ́gba bí aṣọ ẹbí. Bí mo bá to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sí RAIDZ1, ètò ZFS tó ń fi àyè dísìkì kan ṣọ́ àwọn yòókù, á ka gbogbo wọn sí 1TB nítorí èyí tó kéré jù láàárín wọn. Nínú 11TB tí mo fowó mi rà, 3TB péré ni màá rí lò. Mo so wọn ní méjì-méjì dípò bẹ́ẹ̀, kí ọ̀kan jẹ́ ẹ̀dà èkejì, ìyẹn fún mi ní 5TB. Nígbà tí a da àwọn fídíò àtijọ́ sí i, tí àbúrò mi sì ń rù wá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kò pẹ́ tó fi kún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, odidi ètò ló ń fà wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá fẹ́ ṣe àtúnṣe ara rẹ̀. Ẹni tó ń ra dátà mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo bọ́ sórí Unraid. Owó ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Nígbà tí mo wò ó, $49 ni èyí tó kéré jù, fún dísìkì mẹ́fà àti àtúnṣe ọdún kan, ṣùgbọ́n wọ́n ń fún èèyàn ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fi dán an wò. Nígbà tí mo lò ó, orí fúláàṣì ló ń gbé, fúláàṣì náà ni wọ́n sì so ìwé àṣẹ mọ́, nítorí náà ẹ má fi èyí tí wọ́n ń tà nínú gósílóò ṣe é. Kò bìkítà pé dísìkì kò dọ́gba. Ẹ ya èyí tó tóbi jù sọ́tọ̀ fún ìṣọ́, ìyẹn ìṣirò tí a ó fi kọ́ dísìkì tó bá kú padà, á sì lo ìyókù tán. 7TB ló fún mi. Ojú ìwé rẹ̀ ló rọrùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kódà àbúrò mi tó kórìíra kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n lò kí ìrẹsì tó jinná.

Iná ló ba àárín wa jẹ́. Bí a kò bá pa Unraid bó ṣe yẹ, tó bá ti jí, á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ dísìkì wò láti orí dé ìrù. Fún 4TB, ìyẹn lè gbà tó wákàtí mẹ́jọ. Bí iná bá tún lọ láàárín rẹ̀, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀. Ta ló ń rí iná wákàtí mẹ́jọ láìṣẹ́jú ládùúgbò wa? Gbogbo ìgbà ni dísìkì ń kùn bí ọlọ, iṣẹ́ kì í sì í parí. Ní àkókò ìdánwò, ó tún gbọ́dọ̀ rí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó gbà láti ṣí dísìkì. Mi ò sọ pé kò dáa o. Ká ní Peckham ní London ni mò ń gbé bíi ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, òun ni ǹ bá sanwó fún.

OpenMediaVault, tàbí OMV ní kúkúrú, ló kẹ́yìn. Volker Theile tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ lórí FreeNAS ló dá a sílẹ̀ nítorí ó fẹ́ Debian, irú Linux kan, 2011 ló sì kọ́kọ́ jáde. OMV 7 tó wà lórí Debian 12 ni mo lò. Ọ̀fẹ́ ni òun náà, kò sì lágídí: àwọn kan ń lò ó lórí Raspberry Pi. Ẹ wọlé pẹ̀lú orúkọ admin àti pásíwọ́ọ̀dù openmediavault, kí ẹ sì yí i padà lójú ẹsẹ̀, torí gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Ẹwà rẹ̀ kò tó ti Unraid. Ohun kan tún wà tó ń bí mi nínú: bí ẹ bá yí ohunkóhun padà, á gbé àkọlé kan sókè tó ń bi yín bóyá ó dá yín lójú, ẹ ó sì tún tẹ̀ ẹ́ kó tó gbà. Mo ti lo ìrọ̀lẹ́ kan gbáko tí mò ń wá ìdí tí fódà mi kò fi hàn, tó jẹ́ pé mi ò tẹ̀ ẹ́.

Mo fi mergerfs àti SnapRAID kún un láti inú omv-extras, àkójọ àfikún fún OMV. Mergerfs ń mú dísìkì mẹ́ta jọ bíi fódà kan. SnapRAID ń fi ìkẹrin ṣọ́ wọn. 7TB náà ni, dísìkì kọ̀ọ̀kan sì dá dúró pẹ̀lú ext4 tirẹ̀, ọ̀nà ìtọ́jú fáìlì ti Linux: ẹ yọ ọ́, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà Linux yòówù, fáìlì á hàn. Mo yọ 2TB láti fi dán an wò, mo yá òmíràn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, mo ní kó kọ́ ọ padà. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tó fi parí. Ohun tí a kó wọlé lọ́jọ́ náà nìkan ni kò padà, nítorí SnapRAID kì í ṣọ́ nǹkan lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí a bá ní kó ṣe é ló ń ṣe é.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe òmùgọ̀. Aago méjì òru ni mo kọ́kọ́ fi í sí, bí gbogbo ìwé ṣe sọ. Aago méjì òru, sáfà ti sùn, torí bátìrì inverter ti tán. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí n tó mọ̀ pé kò ṣọ́ nǹkan kan. Mo gbé e sí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo wọ inú BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà, mo sọ fún kọ̀ǹpútà pé tí iná bá dé kó tan ara rẹ̀. Mo tún ra UPS, mo fi okùn USB so ó mọ́ sáfà, NUT, ètò tó ń bá UPS sọ̀rọ̀, sì ń pa á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí bátìrì bá ń lọ sópin. Ẹ lè ní ká ní mo ti ní UPS yìí nígbà Unraid, ìtàn á yàtọ̀. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bátìrì UPS ń darúgbó, mo sì fẹ́ ohun tí kò ní bá mi jà lọ́jọ́ tó bá kú.

Mo fún OMV ní 8 nínú 10, TrueNAS ní 8 náà fún ẹni tí dísìkì rẹ̀ dọ́gba, Unraid ní 6 fún ilé bíi tèmi. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá fáìlì padà bí olè bá gbé àpótí lọ, nítorí náà fọ́tò àwọn ọmọ ní ẹ̀dà kejì nílé ìyá ìyàwó mi.

Àbúrò mi kò mọ èyí tó wà níbẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fódà kan tó ń jẹ́ ÒDE ló ń rí lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Lánàá ló pè mí: “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú o, ó ti ku 600GB.” Mo ti ń wá 4TB mìíràn.