Àwòrán Ara Ògiri Lórí Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ènìyàn: Apá Ìsàlẹ̀ Dára, Apá Òkè Ń Ṣini Lọ́nà

Nígbà tí àwọn ilé-ìwé bá ń múra àtiwọlé, àwọn ilé ìtàwé tó wà ní agbègbè ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde máa ń ta oríṣiríṣi àwòrán ńláńlá tí à ń gbé kọ́ sára ògiri kíláàsì. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó dá lórí ìpilẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn, ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín. Àwa olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni wọ́n dìídì ṣe é fún, nítorí pé bí àwọn ẹ̀dá alààyè ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran wà lára ohun tí àjọ WAEC ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ SS3. Ilé-ìwé girama tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ra ẹ̀dà kan, mo sì ti lò ó dáadáa kí n tó jókòó kọ èyí. Apá ìsàlẹ̀ àwòrán náà dára débi pé mo fẹ́ kí gbogbo ilé-ìwé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ní in. Apá òkè rẹ̀, tí ó tóbi jù, tí òun sì ni ojú kọ́kọ́ ń rí, ń kọ́ ọmọ ní ohun tí sáyẹ́ǹsì kò sọ rí.

Ní ti bí wọ́n ṣe ṣe é, mi ò ní ẹ̀sùn kankan. Bébà rẹ̀ nípọn, wọ́n fi ike bò ó lójú, omi òjò tó ń jò láti òkè àjà kò sì rí i bà jẹ́. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó kí ọmọ tó jókòó lẹ́yìn pátápátá kà á láìdìde. Owó rẹ̀ kò kọjá agbára ilé-ìwé ìjọba.

Ohun tó wà lókè ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Ẹ̀dá mẹ́fà ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan láti òsì sí ọ̀tún: èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ṣinpansí, ìnàkí kan tí kò nírù, tí ó fi ọwọ́ tẹlẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e ń gbìyànjú àtidìde, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń nàró díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan ọkùnrin kan tí ó gbé ọ̀kọ̀ dání. Àkọlé rẹ̀ sọ pé bí ọ̀bọ ṣe di ènìyàn nìyẹn. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ayàwòrán kan ní Amẹ́ríkà, Rudolph Zallinger, ló ya èyí tó sọ ọ́ di olókìkí lọ́dún 1965, ẹ̀dá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó sì tò sórí ìlà tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń dà á kọ, tí wọ́n ń gé e kúrú, tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ àti ẹ̀yìn ìwé. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹni tó bá wò ó yóò gbà pé ẹ̀dá kan ṣoṣo ló ń bọ́ awọ sílẹ̀ tó ń di òmíràn, àti pé ènìyàn ni gbogbo rẹ̀ ń lépa láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìran wa ya ẹ̀ka púpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀ka náà jùmọ̀ wà láyé lákòókò kan náà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti run, àwa nìkan ló sì ṣẹ́kù.

Àṣìṣe yìí ló ń bí ìbéèrè tí àwọn ọmọ kì í yé béèrè: bó bá jẹ́ pé ọ̀bọ ló di ènìyàn, kí ló dé tí ọ̀bọ ṣì kún inú igbó? Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání, torí pé bí ohun tí àwòrán náà sọ bá jẹ́ òtítọ́, ó yẹ kí ọ̀bọ ti tán. Ṣùgbọ́n kò sí onímọ̀ tó sọ pé ọ̀bọ tí à ń rí lónìí ni baba ńlá wa, kò sì sí èyí tó sọ pé ṣinpansí ni. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwa àti ṣinpansí ní baba ńlá kan náà, tí ó gbé ilẹ̀ Áfíríkà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà sí méje ọdún sẹ́yìn, tí kì í ṣe ènìyàn, tí kì í sì í ṣe ṣinpansí. Àwọn ọ̀bọ onírù ti yà kúrò lára ìran tó bí àwa àti àwọn ìnàkí tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 sí 30 ọdún sẹ́yìn. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ wo ìdílé mẹ́rin tí ń fi ọmọ jẹ Awùjalẹ̀. Ọbańta ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí ní orísun, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ baba fún èkejì nínú wọn, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè pé kí ló dé tí ìdílé Gbélégbùwà ṣì wà lẹ́yìn tí ìdílé Fúsẹ̀ngbùwà ti wà.

Àwọn ṣinpansí díẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú àwọn igbó apá ọ̀dọ̀ wa, tí igbó ọba Omo ní Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn wà lára wọn, kò dúró sójú kan láti ìgbà tí ọ̀nà wọn ti yà kúrò lára tiwa. Iye ọdún tí ìran tiwa ti fi ń yí padà, iye náà gẹ́lẹ́ ni tiwọn. Kí a wá fi ọ̀kan nínú wọn sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, bí ẹni pé ènìyàn tí kò tíì parí ni, ni àṣìṣe tó burú jù lójú ìwé náà. Ó sì tún ń sọ ọ̀rọ̀ ìbátan di àbùkù. Àwa tí à ń ki ìbejì ní ọmọ ẹdun tí ń ṣeré lórí igi, kò yẹ kí ó ṣòro fún wa láti gbọ́ pé okùn kan so ènìyàn pọ̀ mọ́ àwọn tó ń gbé orí igi.

Nǹkan mìíràn wà tí kò yẹ kí olùkọ́ kankan ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú gbójú fò. Bí àwọn ẹ̀dá mẹ́fà náà ṣe ń nàró ni awọ wọn ń mọ́lẹ̀ sí i, tó fi jẹ́ pé òyìnbó ni ẹni tó gbẹ̀yìn. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó jókòó síwájú rẹ̀ yóò bi ara rẹ̀ pé ibo ni òun wà lórí ìlà náà. Inú mi kò dùn sí i rárá, nítorí pé irọ́ ni. Gbogbo ènìyàn tó wà láyé lónìí, irú ẹ̀dá kan ṣoṣo ni wá. Ilẹ̀ Áfíríkà ni irú wa ti bẹ̀rẹ̀, àwọn eegun tó pẹ́ jù tí a sì tíì kà mọ́ irú wa wá láti Jebel Irhoud ní Mòrókò, tí ìwádìí tó jáde lọ́dún 2017 fi hàn pé wọ́n tó nǹkan bíi 300,000 ọdún. Awọ funfun tó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù kò tíì pẹ́: láàárín nǹkan bíi 10,000 ọdún sẹ́yìn ló gbilẹ̀ níbẹ̀. Ìwádìí lórí DNA, ìyẹn ohun inú ara tó ń gbé àbùdá òbí fún ọmọ, sì fi hàn pé oríṣiríṣi tó wà láàárín àwa ènìyàn Áfíríkà pọ̀ ju ti ibikíbi mìíràn láyé lọ. Àwọn Yorùbá láti Ìbàdàn wà lára àwọn tí a gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún iṣẹ́ HapMap, ìyẹn ìwádìí àgbáyé lórí ìyàtọ̀ inú DNA ènìyàn, tí àbájáde rẹ̀ ńlá àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2005, nítorí náà a kì í ṣe àjèjì nínú ìmọ̀ yìí.

Ẹnì karùn-ún lórí ìlà náà ni wọ́n pè ní Neanderthal, irú ènìyàn àtijọ́ kan tó ti run, bí ẹni pé òun ló bí wa. Ìbátan wa ni, kì í ṣe baba wa. Yúróòpù àti apá kan Éṣíà ni ó ti gbé, ó sì wà láyé nígbà tí àwọn ènìyàn bíi tiwa ti wà. Nígbà tí Svante Pääbo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ka DNA rẹ̀ jáde lọ́dún 2010, wọ́n rí i pé àwọn tí baba ńlá wọn kúrò ní Áfíríkà ti bá a bímọ pọ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé nǹkan bí ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún DNA àwọn òyìnbó àti àwọn ará Éṣíà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Ìtàn tiwa náà kò sì rọrùn tó ìlà tààrà. Lọ́dún 1965 kan náà tí Zallinger ya àwòrán rẹ̀, Thurstan Shaw àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wú eegun ènìyàn kan jáde nínú Ihò Eléérú, nítòsí Àkúrẹ́. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2011, tí Caleb Adébáyọ̀ Fọlọ́runṣọ́ ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣe é, fi ọjọ́ orí eegun náà sí àárín nǹkan bíi 11,700 sí 16,300 ọdún, síbẹ̀ agbárí rẹ̀ ní àwọn àbùdá tó jọ ti àwọn ènìyàn tó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ilẹ̀ Yorùbá ni a ti rí èyí. Kò yẹ kí a ta àwòrán nípa ìpilẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn ní Ìjẹ̀bú-Òde kí a má rí Ihò Eléérú lórí rẹ̀ rárá.

Láàárín ẹnì kejì àti ẹnì kẹta ni wọ́n ya òjìji kan sí pẹ̀lú àmì ìbéèrè, tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé a kò tíì rí i, ìyẹn ẹ̀dá tó yẹ kó so ọ̀bọ pọ̀ mọ́ ènìyàn. Èyí ti pẹ́ ju ìgbà lọ. Láti ìgbà tí Raymond Dart ti kọ̀wé nípa agbárí ọmọ kékeré tí wọ́n rí ní Taung, ní Gúúsù Áfíríkà, lọ́dún 1925, ni eegun àwọn ẹ̀dá tó wà láàárín ti ń jáde, láti Ṣáàdì títí dé Ẹtiópíà àti Kẹ́ńyà. Kò sí eegun kan ṣoṣo tí gbogbo ayé ń dúró dè.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé apá ìsàlẹ̀, ibi tí owó tí a ná ti padà wá. Wọ́n to agbárí, eegun ìbàdí àti ẹsẹ̀ ṣinpansí, ti Lucy àti ti ènìyàn òde òní sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n sì yà wọ́n pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Lucy ni eegun tí Donald Johanson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ní Hadar, ní Ẹtiópíà, lọ́dún 1974, tí ó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ọdún. Lórí àwòrán náà, ọmọ lè fi ìka tọ́ ihò tó wà nídìí agbárí, èyí tí okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ń gbà wọlé, kí ó rí i pé tiwa wà ní ìsàlẹ̀ gan-an nígbà tí ti ṣinpansí fà sẹ́yìn. Yóò rí i pé ìbàdí Lucy kúrú, ó sì fẹ̀ bíi tiwa. Yóò sì tún rí i pé ọpọlọ Lucy kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ti ṣinpansí lọ. Nígbà tí ọmọ bá rí nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, yóò fúnra rẹ̀ sọ ọ́ jáde, kí olùkọ́ tó là á yé e, pé ẹsẹ̀ méjì la kọ́kọ́ fi rìn, ọpọlọ ńlá dé lẹ́yìn. Ipa ẹsẹ̀ tí àwọn ọmọṣẹ́ Mary Leakey rí ní Laetoli, ní Tàǹsáníà, lọ́dún 1978, tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ ọdún, wà ní igun ọ̀tún pẹ̀lú, wọ́n sì yà á dáadáa. Mi ò tíì rí irú àlàyé bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán mìíràn tí wọ́n ń tà ládùúgbò wa.

Àpótí kékeré kan nípa krómósómù, ìyẹn àwọn fọ́nrán tó ru DNA nínú sẹ́ẹ̀lì, wà níbẹ̀, ó sì péye: 46 ni tiwa, 48 ni ti àwọn ìnàkí ńlá, ojú ibi tí méjì ti so pọ̀ di ọ̀kan sì ṣì hàn lára krómósómù wa kejì. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni kò dára, ìyẹn èyí tó ní ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún ara ènìyàn jẹ́ ṣinpansí. Jíjọra DNA kò sọ ẹnì kan di ẹnìkejì.

Ohun tí mo wá tì lórí rẹ̀ ni ẹ̀rí pé ìyípadà náà kò tíì dúró, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Kò sí ọ̀dọ́ tó fẹ́ gbéyàwó ní ìlú yìí tí wọn kì í ní kí ó lọ yẹ jínótáìpù rẹ̀ wò. Ọmọ tó bá jẹ́ AS kì í sábà kú lọ́wọ́ ibà bí ọmọ AA, ìdí sì nìyẹn tí S fi pọ̀ láàárín wa láti ìran dé ìran, bó tilẹ̀ jẹ́ pé SS ń fa àrùn fòníkúfọ̀ládìde. Ẹni tó jẹ́ AS kò lágbára ju ẹlòmíràn lọ, kò sì gbọ́n jù ú lọ. Ó kàn bọ́ lọ́wọ́ ibà, ó dàgbà, ó sì bímọ ni. Ìpínrọ̀ kan lórí èyí ìbá wúlò ju ìlà ẹ̀dá mẹ́fà lókè lọ.

Àwọn òbí kan, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, kì í fẹ́ kí ọmọ wọn gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí rárá, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀ ọ́ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onímọ̀ sọ gan-an ni ó yẹ kí ó gbọ́ kí ó tó kọ̀, kì í ṣe àkọlé tó wà lókè àwòrán yìí.

Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè rà á. Kí ó fi páálí bo apá òkè, kí ó ya igi ẹlẹ́ka púpọ̀ sórí páálí náà, kí ó kọ Ihò Eléérú sí ẹ̀ka tiwa, kí ó sì fi apá ìsàlẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ. Òbí tó fẹ́ rà á fún ọmọ tí yóò máa dá a wò nílé, láìsí ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un, kí ó ṣì dúró ná títí ilé ìtẹ̀wé náà yóò fi tún apá òkè ṣe.