Táímà onítòmátì: ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ ra ìwé kékeré kan mọ́ ọn

Kì í ṣe táímà inú fóònù là ń sọ o. Táímà ilé ìdáná ni, èyí tí wọ́n ṣe bíi tòmátì, róbótó, tó kún àtẹ́lẹwọ́ kan dáadáa. Kò lo bátìrì, kò gba ṣájì. Bí wọ́n mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò kàn án. Nílẹ̀ Ítálì ni òkìkí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Francesco Cirillo, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nígbà náà, fi irú rẹ̀ gé àkókò ìwé kíkà sí wẹ́wẹ́, ó sì pe ọgbọ́n náà ní Pomodoro, ìyẹn tòmátì lédè wọn. Ẹ ó fi ìṣẹ́jú 25 ṣiṣẹ́, ẹ ó fi 5 sinmi. Tí ẹ bá ti ṣe mẹ́rin, ẹ sinmi gidi, ìṣẹ́jú 15 sí 30. Mẹ́rin yẹn pẹ̀lú ìsinmi àárín wọn jẹ́ ìṣẹ́jú 115, wákàtí méjì ku díẹ̀.

Yíyí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kì í mọ̀. Bí ẹ bá kàn yí i sí 5 tààrà, sípíríǹgì inú rẹ̀ lè má wé tó, yóò wá dúró lójú ọ̀nà tàbí kí agogo rẹ̀ má dún dáadáa. Ẹ fọwọ́ kan di ìdí rẹ̀ mú, ẹ yí orí rẹ̀ bí ọwọ́ aago ṣe ń yí títí dé 60, lẹ́yìn náà kí ẹ rọra dá a padà síbi tí ẹ ń fẹ́. Níbi tó bá ti le, ẹ má fipá tì í. Eyín wíìlì inú rẹ̀ kéré, ike sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Tí ọ̀kan bá kán, ó ti parí nìyẹn. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ yí i dé 60, ẹ dá a padà sí 2, kí ẹ dúró gbọ́ agogo rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ó lè fi ìṣẹ́jú kan yẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ba iṣẹ́ yìí jẹ́.

Àléébù rẹ̀ tó tóbi jù ni kò-kò-kò tó ń dún. Lórí tábìlì pákó, ariwo yẹn ń ga sí i. Ẹ ká tówẹ́ẹ̀lì sábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì gbé e lọ sí láíbúrárì.

Kí ló wá fi dára ju ti fóònù lọ? Ẹni tó mú fóònù láti yí táímà ti rí WhatsApp kó tó débẹ̀. Èyí ò ní nǹkan mìíràn tó lè fi hàn yín. Ẹ gbé fóònù sí yàrá kejì, kí ẹ fọwọ́ ara yín yí tòmátì. Yíyí yẹn gan-an ni ara máa fi mọ̀ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìwé kékeré ni ìdajì kejì, àìsí rẹ̀ sì lè mú kí èèyàn fi táímà yìí sílẹ̀. Kí ẹ tó yí i, ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo. Ẹ má kọ “ìwé kíkà”, ẹ kọ “Bàyọ́lọ́jì, ojú ewé 41 dé 48, ìbéèrè 10 ìsàlẹ̀.” Tó bá dún, ẹ fi × sí i. Bí ọkàn bá sọ pé ẹ ò tíì fi owó ránṣẹ́ sí Màmá, ẹ kọ ọ́ sí etí ìwé, kí ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ Sunday, ẹ ka àwọn × náà. Mẹ́jọ lóòjọ́ fún ọjọ́ márùn-ún jẹ́ 40, ìyẹn wákàtí 16 àti ìṣẹ́jú 40. Bí ẹnì kan bá ní aṣọ rírán lòun fẹ́ fi ayé òun ṣe, tí mẹ́ta péré nínú 40 sì jẹ́ ti aṣọ, ìṣẹ́jú 75 ló fún un jálẹ̀ ọ̀sẹ̀. Kó má tíì sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ òun. Kó kọ́kọ́ wo ìgbà tó bọ́ sí: bó bá jẹ́ alẹ́ nìkan, nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, kó gbé e sí òwúrọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó tún × kà. Bó bá ṣì ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ara líle, ìgbà yẹn ló tó béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ bóyá òun fẹ́ ẹ lóòótọ́.

Torí táímà ò mọ agbára. Ọ̀pọ̀ wa ni orí wa máa ń jí pépé ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá jí. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, pàápàá ẹ̀bà tó pọ̀, ojú á máa wúwo. Ẹ fi ìṣẹ́jú 25 méjì àkọ́kọ́ ṣe ohun tó le jù, kí ẹ fi ọ̀sán dáhùn mẹ́sẹ́ẹ̀jì. Ìṣẹ́jú 5 ìsinmi: ẹ dìde, ẹ mu omi, ẹ wo ọ̀ọ́kán. Bí ẹ bá ṣí Facebook, 5 á di 40. Ẹni tó sun wákàtí mẹ́rin sì máa yán ni títí agogo á fi dún.

Òfin Cirillo ni pé ìṣẹ́jú 25 tí nǹkan bá dá dúró láàárín ti bàjẹ́, kí a tún un bẹ̀rẹ̀. Fún ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ tàbí ẹni tó ń dá oníbàárà lóhùn, òfin yẹn le jù. Ìṣẹ́jú 15 ló dáa fún wọn. Ẹni tó ń kọ̀wé gígùn lè ṣe 50 kó sinmi 10. Àwọn tó ń múra JAMB ńkọ́? Ìbéèrè 180 ni UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB, ń béèrè ní wákàtí méjì, láìsí ìsinmi. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ yí i sí 60, kí ẹ má dá a padà. Tó bá dún, ẹ tún yí i láìdìde.

Bí táímà olọ́wọ́-yíyí kan bá sì ti wà nílé ìdáná yín, ìbáà jẹ́ funfun, ìbáà ṣe bí ẹyin, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Ìwé nìkan ni kí ẹ lọ rà.