Iṣẹ́ ní Accenture: Ẹ̀kọ́ Pọ̀ Níbẹ̀, Àmọ́ Wákàtí Ni Ọ̀gá

Accenture jẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń gba àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn nímọ̀ràn, tó sì ń bá wọn ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó ń tà jù lọ ni wákàtí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Àwọn báńkì, ilé-iṣẹ́ epo àti ìjọba ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wọn fún un, wọn a sì máa sanwó fún ìmọ̀ àti àkókò àwọn tí ó bá rán sí wọn. Ibẹ̀ ni adùn iṣẹ́ náà ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni ìnira rẹ̀ wà.

Andersen Consulting ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó yí orúkọ padà ní oṣù Kíní ọdún 2001, lẹ́yìn tí onílàjà ti yà wọ́n kúrò lára Arthur Andersen, ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé owó àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn wò. Oore ńlá ni ìyapa náà jẹ́, nítorí nígbà tí wàhálà Enron, ilé-iṣẹ́ agbára ní Amẹ́ríkà tó fi èrú kọ ìwé owó rẹ̀, wó Arthur Andersen lulẹ̀ ní ọdún 2002, wọ́n ti wà láyè ara wọn. Lónìí, òṣìṣẹ́ wọn lé ní 700,000 káàkiri ayé.

Nínú èrò tó pọ̀ tó báyìí, ẹni méjì lè wọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà kí ìrírí wọn má sì jọra rárá. Wọ́n lè fi ọ̀kan sídìí ètò ìsanwó tuntun fún báńkì, kí ó máa kọ́ nǹkan tuntun lójoojúmọ́, kí èkejì sì máa fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣàtúnṣe àtẹ Excel. Lọ́pọ̀ ìgbà, káàdì oníbàárà ni òṣìṣẹ́ ń gbé kọ́rùn, kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì a sì wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan ti Accenture, ọ̀kan ti oníbàárà, tí ìmeèlì ń rọ́ wọlé sórí méjèèjì. Lẹ́ẹ̀mejì lóṣù ni yóò ṣàkọsílẹ̀ wákàtí rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà iṣẹ́ tí ó lo ọ̀kọ̀ọ̀kan fún.

Bí iṣẹ́ oníbàárà bá parí tí òmíràn kò tíì yọjú, wọ́n á ní òṣìṣẹ́ náà wà lórí bẹ́ǹṣì. Owó oṣù kò dúró, ṣùgbọ́n ọkàn kì í balẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa tọ àwọn máníjà lọ, tí yóò máa ṣàlàyé ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, kí wọ́n lè mú un. Mo gbà pé ibí yìí ni ètò náà ti burú jù, nítorí ó ń fìyà jẹ ọlọ́gbọ́n tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kéde ní oṣù Kẹta ọdún 2023 pé àwọn yóò dín òṣìṣẹ́ 19,000 kù, ó lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ́lé ilé-iṣẹ́ náà, tí oníbàárà kì í sanwó wákàtí wọn.

Síbẹ̀, mo gba ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì níyànjú pé kí ó lọ. Láàárín ọdún díẹ̀, yóò ti rí bí báńkì, ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì ìjọba ṣe ń ṣiṣẹ́ láti inú, yóò sì ti mọ bí a ṣe ń bá àwọn ọ̀gá ńlá sọ̀rọ̀ láìgbọ̀n. Òbí tó ní ọmọ kékeré, tí kò lè máa rìnrìn àjò, ni kí ó ṣọ́ra. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò pé iṣẹ́ oníbàárà wo ni wọ́n fẹ́ gbé òun sí, ìlú wo ni, àti pé ta ni yóò jẹ́ máníjà òun níbẹ̀. Bí wọn kò bá rí i dáhùn, a jẹ́ pé àwọn náà kò tíì mọ̀, kí ó sì gbé ìyẹn yẹ̀ wò dáadáa kí ó tó buwọ́ lùwé.