Fíìmù ọ̀daràn: èyí tó fi apààyàn pamọ́ àbí èyí tó fojú ẹ̀ hàn?

Wọ́n ṣáà ń bèèrè èwo ló dùn jù, èyí tá ò ní mọ ẹni tó pààyàn títí dópin ni, àbí èyí tá a ti rí i látìbẹ̀rẹ̀.

Ti àkọ́kọ́ yẹn, àlọ́ àpamọ̀ ni. Ẹnì kan á kàn fọwọ́ nu ojú, o ti ń pariwo pé òun ni! Ṣùgbọ́n kò gba oorun o, tòògbé fún ìṣẹ́jú 5 kí kókó lọ, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo sì lè bà á jẹ́ pátápátá. Nígbà tí Hitchcock, olùdarí fíìmù kan, gbé fíìmù ẹ̀ Psycho jáde ní 1960, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọlé lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, àyà ẹni ló ń dì mú. Hitchcock yìí náà ló fi bọ́ǹbù ṣàlàyé ẹ̀: tó bá bú lábẹ́ tábìlì lójijì, ìpayà ìṣẹ́jú-àáyá 15 péré ni, àmọ́ tá a bá ti rí i ńbẹ̀, táwọn tó jókòó ò mọ̀, tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ lásán, ìṣẹ́jú 15 gbáko lara ò ní rọ̀ wá. Èyí ṣeé wò lẹ́ẹ̀mejì dáadáa.

Tẹ́ ẹ bá pọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ jiyàn, àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ gbé sí i. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, tàbí aláròká kan ti sọ òpin ẹ̀ fún ẹ (irú wọn ò wọ́n), èkejì ni kó o wá.