Ẹ̀yin tó ń lọ sí Park Güell ní Barcelona: rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ tàbí bọ́ọ̀sì 24?
Orí òkè ni ọgbà tí Gaudí, ayàwòrán ilé, ṣe yìí wà, nítorí náà ẹ ro ti ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó ro ti ọkọ̀. Rélùwéè L3 yára. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Vallcarca, kí ẹ gba Baixada de la Glòria, níbi tí àtẹ̀gùn oníná ti ń gbé èèyàn gòkè. Àmọ́ àtẹ̀gùn lásán wà láàárín wọn, ẹ̀rọ náà sì máa ń bàjẹ́ nígbà mìíràn. Ẹni tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ á jìyà gan-an.

Bọ́ọ̀sì 24 láti Plaça Catalunya lè há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà Carretera del Carmel ló ń já yín sí. Òun la fara mọ́ fún àgbàlagbà. Ẹ tètè gbéra o: aago ìwọlé wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, bí ẹ bá sì fi ju 30 ìṣẹ́jú lọ pẹ́, ó ti bọ́.