Ààfin Abomey: ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ lọ wò ó

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ máa ń bèèrè ibi téèyàn lè lọ ṣe fàájì nílẹ̀ òkèèrè láìná owó rẹpẹtẹ, ẹ gba Ìdí-Ìrókò kọjá sí Bẹ̀nẹ̀, ẹ kọjá Àjàṣẹ́ àti Kùtọnù, ẹ lọ wo ààfin àwọn ọba Dàhòmì ní Abomey. Ibẹ̀ dáa gan-an, mi ò purọ́ fún yín.

Ṣẹ́ ẹ rí i, àwọn tó wá ká wa mọ́lé ní Àrò lọ́dún 1851 ló ni ààfin yẹn o. Ọba Ghezo ló wà lórí ìtẹ́ nígbà yẹn, ọmọ ẹ̀ Glele tún kó ogun wá ní 1864, ẹ̀ẹ̀mejèèjì làwọn baba wa lé wọn padà. Gbogbo wa la ti gbọ́ ìtàn yẹn láti kékeré, àmọ́ kéèyàn dúró nínú ọgbà Ghezo gan-an kó wá máa gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ Dàhòmì, háà, ó yàtọ̀! Gáìdì wa mọṣẹ́ ẹ̀ dójú àmì. Bó ṣe gbọ́ pé Abẹ́òkúta la ti wá, ó bọ̀ wá lọ́wọ́, kò sì fi nǹkan kan pa mọ́, ó sọ bí àwọn obìnrin jagunjagun wọn, àwọn Agojie, ṣe kú lọ bẹẹrẹ lẹ́yìn odi wa, ohùn ẹ̀ sì rẹlẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi ò ronú nípa ẹkún ìyá tiwọn rí títí di ọjọ́ yẹn.

Ìtẹ́ Ghezo wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rin, agbárí èèyàn mẹ́rin ni wọ́n sì gbé e lé, ti àwọn ọ̀tá tí wọ́n ṣẹ́gun. Ó pẹ́ kí n tó lè gbójú kúrò níbẹ̀. Lára ògiri amọ̀ wọ́n mọ àwòrán tó yọ síta tí wọ́n kùn láwọ̀, kìnnìún ni àmì Glele, ẹfọ̀n ni ti Ghezo, ogun tí wọ́n jà náà wà níbẹ̀. UNESCO ti fi ibẹ̀ sára ogún àgbáyé láti 1985. Lára ẹrù tí àwọn ọmọ ogun Faransé kó lọ ní 1892, nǹkan 26 ni wọ́n dá padà ní 2021, inú mi dùn sí ìyẹn gidi gan-an.

Ẹni tó bá wa ṣètò mọ́tò nìkan ló dùn mí, ó fi wá sílẹ̀ ní bọ́dà títí oòrùn fi kanrí, ìyẹn jẹ nínú àkókò tá a fẹ́ lò láàfin.

Ó wù mí kí wọ́n máa sọ ìtàn báyìí fáwọn ọmọ wa ní Olúmọ náà, kí wọ́n sọ ti àwọn tó wá bá wa jà mọ́ tiwa.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọ́n ṣí, ẹ mú ẹni tó gbọ́ Faransé dání, kẹ́ ẹ sì ṣẹ́ owó yín sí sẹ́fà. Ẹ má fi ọmọ tó ti tó ilé-ìwé gírámà sílé o, àwọn gan-an ló yẹ kó gbọ́ ọ.